Ìwé Tí Màmá Tíṣà Fi Pamọ́ sí Oǹdó

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan ní Àkúrẹ́ hù. Kì í ṣe pé ó bu. Ó hù bí ẹ̀fọ́ ṣe ń hù lóko. Ìyá Ọ̀rẹ́olúwa, akọ̀wé ẹgbẹ́, mú un jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ló bá rí tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti yọrí lára ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ju ìwé sílẹ̀. Àwọn kan ní àmì ni, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Màmá Tíṣà tó ṣe ìwé náà, ní àdúgbò Isikan, pé kó máa bọ̀ kíákíá.

Màmá Tíṣà dé, ó gbé awò ojú rẹ̀ sójú, ó ka àwọn ẹ̀fọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

"Ẹ má fà wọ́n tu o," ló wí. "Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tó sè."

Ó wá ṣàlàyé fún wọn. Òdòdó tẹ̀tẹ̀ pupa ló fi ṣe ẹ̀yìn ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì gbọn irúgbìn inú rẹ̀ dànù dáadáa. Ìyẹn nìkan kò tó láti mú ìwé hù. Ó ní kí wọ́n gbójú sókè, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí ibi tí òjò ti ń jò gba àjà wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ìwé tòun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òrùlé wọn ló bomi rin ín. Kó tó di ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n ti tún òrùlé náà ṣe, Màmá Tíṣà sì fi í ṣe fọ́ńté káàkiri Àkúrẹ́ pé òun ló tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

Oyèbọ́lá Akínsànyà lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, ọkọ ló gbé e wá sí Àkúrẹ́, ó sì fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn mìíràn ń tọ́jú ọmọ-ọmọ. Màmá Tíṣà ní tòun, ìwé lòun fẹ́ máa ṣe. Monílọ́lá ọmọ rẹ̀ rò pé ó fẹ́ máa kọ ìwé ni. Ó yà á lẹ́nu nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan tó bá ìyá rẹ̀ tó ń gún tákàdá nínú odó.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò rẹ àwọn tákàdá tí ọ́fíìsì Monílọ́lá ní Alágbàká fẹ́ dànù sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sè é pẹ̀lú eérú títí yóò fi rọ̀. Yóò gún méjèèjì pọ̀, yóò pò ó mọ́ omi nínú agbada ńlá, yóò wá fi àwọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ igi bọ inú rẹ̀, yóò gbé e sókè, omi yóò jò dànù, tákàdá tuntun yóò sì wà lórí àwọ̀n náà. Bó bá ṣì tutù ni yóò tẹ́ òdòdó àti ewé lé e lórí. Àwọ̀n tó kọ́kọ́ lò, ojú fèrèsé yàrá Monílọ́lá ló ti yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀fọn fi jẹ Monílọ́lá kó tó mọ ibi tí àwọ̀n náà wọlé sí.

Tákàdá tutù gbọ́dọ̀ rí ohun wúwo tí yóò tẹ̀ ẹ́. Màmá Tíṣà wo gbogbo Isikan, ó sì rí i pé kò sí ohun tó lè tẹ nǹkan tó jáàkì tí wọ́n fi ń fún gàrí ní ọ̀dọ̀ Ìbídùnní onígàrí. Bó ṣe di oníbàárà níbẹ̀ nìyẹn, láìní ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin tó kù á tò pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ wọn, òun náà á tò pẹ̀lú ìdì aṣọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú òun. Lọ́jọ́ kan ó lo ewé ọkà bàbà pupa, àwọ̀ ewé náà dúró sára jáàkì, àpò gàrí tó tẹ̀lé e sì jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Màmá Tíṣà, ùwé yín ti kun gàrí mi," ni Ìbídùnní wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Màmá Tíṣà tọ́ ọ wò, ó ní kò ba adùn rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn tó ra gàrí pupa náà padà wá, wọ́n ní irú rẹ̀ làwọn tún fẹ́. Ìbídùnní wá bẹ Màmá Tíṣà pé kó fún òun ní ewé náà díẹ̀ sí i. Màmá Tíṣà ní kò ṣeé ṣe, nítorí pé ìwé ṣíṣe ni iṣẹ́ òun, òun kì í ṣe oníṣòwò gàrí.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ló ń pa ará àdúgbò. Ẹni kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Stephen Kìtán, onítẹ̀wé ní ìlú Oǹdó. Òun àti Oyèbọ́lá jọ wà ní kíláàsì kan náà láti kékeré, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn láti ìgbà náà. Ó ti tẹ ìwé fún bí àádọ́ta ọdún, ó ti bá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ di ìwé rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ó sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tó mọ tákàdá ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Oyèbọ́lá gbé ìwé rẹ̀ tó dára jù lọ lọ fi hàn án ní Oǹdó. Monílọ́lá ló wa ọkọ̀ gbé e lọ, ojú rẹ̀ ló ṣe. Bàbá Kìtán gbé tákàdá náà sókè sí oòrùn, ó fi ìka pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ gègé lápò, ó kán yíǹkì sórí rẹ̀, ó sì dúró wò ó.

"Oyè, ó rẹwà," ló wí. "Ṣùgbọ́n nǹkan ìṣeré ni. Kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá, ìyẹ̀fun ni yóò dà. Bí kò bá sì dà á, yíǹkì kò ní dúró sójú kan lórí rẹ̀ mọ́, yóò tàn kálẹ̀ ni."

Monílọ́lá mọ̀ pé inú ń bí ìyá òun nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Oǹdó wàràwàrà, ohun tí kì í ṣe ní Àkúrẹ́ àfi bí wọ́n bá tọ́ ọ níjà. Kó tó dákẹ́, ó ti dá iyàn. Òun yóò ṣe ìwé kan, òun yóò kọ nǹkan sí i, òun yóò fi aṣọ dì í, òun yóò sì yọ́ àbẹ́là fi lẹ ẹnu rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún àwọn méjèèjì ní Oǹdó ni yóò wà, wọn kò sì ní ṣí i àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá gbáko. Bó bá ti di ìyẹ̀fun, òun yóò fi se ẹ̀kọ, òun yóò sì mu ún tán lójú Stephen. Bó bá wà bó ṣe wà, Stephen yóò dìde níwájú ìjọ, yóò sì bẹ òun.

Bàbá Kìtán gbà. Lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n fi ìwé náà pamọ́, wọ́n sì kọ déètì sí i lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé tí Màmá Tíṣà ṣe tí kò ronú nípa ti Oǹdó. Bí òjò bá pọ̀, á béèrè bóyá ó rọ̀ ní Oǹdó náà. Ẹni àádọ́rin ọdún dín méjì ni nígbà náà, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun kò lè kú kó tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, torí pé òun ní ìpàdé lọ́jọ́ náà.

Kì í ta ìwé fún ẹni tí kò bá sọ ohun tó fẹ́ kọ sí i. Òfin rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ̀ ẹ́ fún olówó tàbí fún tálákà. Obìnrin kan láti Alágbàká gbé mọ́tò ńlá wá, dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní òun fẹ́ ọgbọ̀n ìwé tí òun yóò fi ta àwọn àlejò òun lọ́rẹ. Màmá Tíṣà bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ sí i.

"A ò ní kọ nǹkan kan sí i, Màmá. Wọ́n á máa gbé e sórí tábìlì ni."

Màmá Tíṣà gba ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó sì ní kó lọ sọ́jà lọ ra òdòdó onírọ́bà. Obìnrin náà fi kún owó. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, nítorí Màmá Tíṣà ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kan náà fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, kò sí dírẹ́bà. Ó ní ìwé kan péré lòun fẹ́, pé ìyá òun ti ń gbàgbé nǹkan, òun sì fẹ́ kọ àwọn ìtàn tó ń sọ sílẹ̀ kó tó gbàgbé wọn tán. Màmá Tíṣà mú èyí tó tóbi jù lọ nínú ilé lé e lọ́wọ́, ó sì lé e jáde pé kó lọ bẹ̀rẹ̀, pé kí ló tún ń dúró ṣe.

Ìyà tó jẹ Monílọ́lá jù ni ti ewúrẹ́. Ògì ni Màmá Tíṣà fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ní ọdún 2017, ó sá ìwé tuntun sórí ọgbà, ewúrẹ́ Bàbá Yọ̀mí, aládùúgbò wọn, sì dé, ó jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Yọ̀mí wá dọ̀bálẹ̀. Màmá Tíṣà kò bínú sí ewúrẹ́, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bàbá Yọ̀mí ní ẹ̀yìn ìwé ni. Màmá Tíṣà jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Monílọ́lá náà mọ ohun tó ń rò: ògì kan náà ló fi lẹ èyí tó wà ní Oǹdó.

Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ náà síta. Kò tó wákàtí méjì, fóònù dún, Bàbá Kìtán ló ń pè láti Oǹdó.

"Oyè, mo gbọ́ pé ewúrẹ́ ti ka ìwé rẹ tán."

Màmá Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé òun kò tíì rí ewúrẹ́ kankan tó fi ẹnu kan ìwé tí Stephen tẹ̀. Ó pa fóònù. Lẹ́yìn náà ló lọ sí yàrá, kò sì jáde títí di àṣálẹ́.

Oṣù kejì ọdún 2024 ló rẹ̀ ẹ́. Àìsàn náà kò pẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó pe Monílọ́lá súnmọ́ ara rẹ̀, ó ní oṣù mẹ́jọ ló kù, ó sì dà bí ẹni pé òun kò ní lè dúró, kí Monílọ́lá lọ dípò òun. Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ná.

"Bó bá ti bàjẹ́, má purọ́ fún un. Bó bá dára, o lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín jù, ó ti dàgbà."

Ó kú ní ọjọ́ kejì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Bàbá Kìtán wá síbi ìsìnkú, ó jókòó sẹ́yìn.

Bí oṣù kẹwàá ṣe ń súnmọ́, oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kun Monílọ́lá. Àánú, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ní kó jẹ́ kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò béèrè? Màmá ti lọ. Bí wọn kò bá ṣí i, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó bàjẹ́, gbogbo ènìyàn ní Isikan yóò sì máa sọ ọ́ pé Màmá Tíṣà borí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì wọ Monílọ́lá létí. Ṣùgbọ́n ó rántí dáyárì tó ń lò ní ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n rà lọ́jà, nígbà tí èyí tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un nígbà tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú dúróà, kò kọ nǹkan kan sí i. Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ni pé kò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́. Òun náà ti jẹ́ Stephen Kìtán kékeré láti ọjọ́ yìí wá. Ìtìjú mú un. Ó sọ fún Àánú pé òun ń lọ.

Ní Oǹdó, Bàbá Kìtán ti dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú rẹ̀. Ó wọ agbádá, ó mú ọ̀pá dání. Àlùfáà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì tọrọ àforíjì ṣáájú. Ó ní kòkòrò ti wọ ibẹ̀, ó sì ti jẹ rẹ́jísítà mẹ́ta bàjẹ́. Monílọ́lá wo àwọn rẹ́jísítà náà, ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ Kìtán lára wọn. Bàbá Kìtán náà rí i, ó yí ojú sí fèrèsé.

Àlùfáà gbé ìdì aṣọ náà lé orí tábìlì. Monílọ́lá fi ọ̀bẹ ya àbẹ́là, ó tú aṣọ náà, ìyẹ̀fun sì dà jáde. Ó pọ̀, ó kún orí tábìlì, ó jẹ́ búráùn, òórùn ògì àtijọ́ sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn ìwé náà ni, gbogbo òdòdó tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò sórí rẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán. Bàbá Kìtán kò sọ pé mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun tó ń rí dùn ún.

"Gbọn ọ́n nù, ọmọ mi," ló wí. "Ká wo inú rẹ̀."

Monílọ́lá fi ọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun náà nù. Òwú ni ìyá rẹ̀ fi rán àwọn ojú ewé inú, kò fi ògì kàn wọ́n. Ó gbé ti àkọ́kọ́, kò fà ya. Ó gbé ìkejì, ó gbé ìkẹta. Wọ́n le, wọ́n funfun bíi ti wàrà, fọ́nrán ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì hàn nínú wọn fínnífínní. Kò sí ihò kankan. Bàbá Kìtán gba ìwé náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sì pẹ́ gan-an kó tó gbé e sílẹ̀.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ lára. Ìwé ọwọ́ tíṣà ni, gbogbo lẹ́tà dúró sórí ìlà. Awò ojú Bàbá Kìtán kò tó o mọ́, ó ní kí Monílọ́lá bá òun kà á.

"Stephen, mo ti borí. Bí mo bá wà níbẹ̀, wo ojú mi dáadáa kó o tó tẹ̀ síwájú. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, wo ojú Monílọ́lá, ojú kan náà ni."

Monílọ́lá dúró. Bàbá Kìtán gbójú sókè, ó wò ó. Ó wò ó títí Monílọ́lá fi rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí wọ́n ṣe rán an. Monílọ́lá fi ọwọ́ nu ojú, ó bá kíkà lọ.

"Mo sọ pé kó o bẹ̀ mí níwájú ìjọ. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn. Má dìde níwájú ẹnikẹ́ni. Ojú ewé méjìlá tó tẹ̀lé èyí, mi ò kọ nǹkan kan sí i, tìrẹ ni. Kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ṣe é ní méjìlá nítorí mo mọ̀ ọ́, o kì í tètè sọ̀rọ̀ tán."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín. Bàbá Kìtán fa àga, ó jókòó, ó wá gègé nínú agbádá rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Oyèbọ́lá, o borí." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ yíǹkì náà. Kò tàn. Ó dúró síbi tó kọ ọ́ sí gan-an, dúdú, ó mọ́ kedere.

Monílọ́lá rò pé ó ti parí. Ó ti ń ká aṣọ náà. Ṣùgbọ́n Bàbá Kìtán tún tẹ gègé bọlẹ̀, ó kọ ìlà kejì, ó kọ ìkẹta, ó yí ojú ewé. Àlùfáà lọ ṣe ìsìn ìrìbọmi, ó parí rẹ̀, ó padà dé, ó bá a níbẹ̀ tó ṣì ń kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dúró, á rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni, Monílọ́lá kò sì yọjú wò ó. Inú Monílọ́lá dùn gan-an. Ọwọ́ ìyá òun ló ṣe tákàdá yìí, láti inú ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ dà nù àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, onítẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ jù lọ ní Oǹdó kò sì fẹ́ gbé gègé kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ Monílọ́lá pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ sílé di ọjọ́ Àìkú. Monílọ́lá ní kó máa gbé e lọ, kó má sì yára.

Kò tíì jáde kúrò ní Oǹdó tí Àánú fi pè é. Ó ní òun kò lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, kó sọ ọ́ fún òun kíákíá, ṣé Bàbá Kìtán ti bẹ Màmá.

"Ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n," ni Monílọ́lá wí. "Ó ti dé ojú ewé keje."